Orí Ewúrẹ́ Ìyá Ràmátù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Dókítà ẹran ni mí, mo sì ń kọ́ni ní yunifásítì. Mo ba orúkọ obìnrin kan jẹ́, mo sì ti ibẹ̀ rí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọmọ obìnrin yìí ló pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí.

Ìyàwó ilé wa ni obìnrin náà, ní Òkè-Ìlá. Ọmọ bàbá wa kékeré, àbúrò mi, ló fẹ́ ẹ, àbúrò náà ti kú. Nítorí pé wọ́n ti bí mi kó tó wọ ilé wa, kò jẹ́ pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló ń pè mí, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń kí mi. Ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Ràmátù, nítorí náà Ìyá Ràmátù la ń pe òun.

Ewúrẹ́ ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Alhaji kan tó jẹ́ ọlọ́kọ̀ ní Ìlá ló kó wọn fún un sìn. Ẹ̀yin tí ẹ gba ẹran sìn rí mọ bó ṣe ń lọ: ẹ ó jọ pín ọmọ tí ewúrẹ́ bá bí. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá kú, ẹni tó ń sìn ín gbọ́dọ̀ fi òkú rẹ̀ han ẹni tó ni ín. Bí òkú bá ti bàjẹ́, kó gé orí rẹ̀ pa mọ́, nítorí etí ni àmì ẹni tó ni ẹran wà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó tà á ni.

Lásìkò yẹn, mo ń wá ohun tí mo máa kọ sínú jọ́nà, ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tí kò bá kọ nǹkan jáde, ojú kan ló máa wà. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní kàtá máa ń pa ewúrẹ́ lágbègbè wa. Imú wọn á máa ṣàn, ẹnu wọn á bó, wọ́n á máa yàgbẹ́ gbuuru títí wọ́n á fi kú. Àjẹsára rẹ̀ wà. Mo fẹ́ fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn á fún àwọn kan ní oògùn, á fún àwọn kan ní omi lásán, kó lè rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ni pé kí èèyàn kọ́kọ́ là á yé gbogbo wọn, kí wọ́n sì gbà.

N kò là á yé ẹnikẹ́ni. Ta ló máa gbà kí wọ́n fi omi gún ẹran òun? Mo gún ẹran gbogbo ilé yòókù ní agboolé wa ní àjẹsára. Ti Ìyá Ràmátù, omi ni mo fi gún wọn. Ó ń dúpẹ́, ó ń ṣàdúrà fún mi. Àjẹsára ṣẹ́kù nínú kúlà tó wà níwájú rẹ̀, ó tó ẹran rẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí n má purọ́ fún yín, àánú rẹ̀ kò ṣe mí. Inú mi ń dùn pé iṣẹ́ ń lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, kàtá dé. Ewúrẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bó bá ti pè mí báyìí, mo ti gbé mọ́tò. Ó rò pé àánú ló ń gbé mi wá. Òkú ni mo ń wá kó. Mo ń dì wọ́n sínú àpò, mo ń gbé wọn lọ là wò.

Ó bẹ̀ mí. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ fi orí ẹyọ kan péré sílẹ̀, kí n rí nǹkan fi han Alhaji."

Mo rẹ́rìn-ín. Orí gan-an ni mo fẹ́, nítorí inú ẹnu ni egbò àìsàn náà ti ń hàn jù. Mo ní, "Ìyàwó, yunifásítì ni orí yìí ń lọ. Ìwọ alára ò dé ibẹ̀ rí." Mo ní kó má dààmú, èmi fúnra mi á bá Alhaji sọ̀rọ̀.

N kò bá a sọ nǹkan kan. Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, Alhaji wá mú ẹran, ó bá ilé ẹran lófìfo. Ó wo òbúkọ tó ń yan kiri ní àgbàlá kejì. Ó ní, "Kàtá wo ló wọ ilé ẹyọ kan, tó fo gbogbo ilé yòókù? Orí wọn dà?"

Wọ́n pe ẹbí jọ. Mo wà níbẹ̀, ọdún ni mo wá ṣe. Ìyá Ràmátù wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò wo Alhaji, èmi ló ń wò. Ó ní, "Akọ̀wé ló kó òkú wọn. Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Ẹ jọ̀ọ́, ibí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Bí mo bá ní mo kó òkú, wọ́n á bi mí pé kí ló pa ẹran tí mo fúnra mi gún lábẹ́rẹ́. Mo gbójú sílẹ̀. Mo ní, "Ẹran tó bá gba abẹ́rẹ́ mi kì í kú. Ẹ ṣáà wo ti àwọn yòókù."

Ó ti tó. Ìyá àgbà kan pòṣé. Wọ́n ní kó fi Kùránì búra, ó búra, wọ́n tún ní èké ló fi búra. Ìyá Ajẹran, ẹni tó jẹ ẹran ẹlẹ́ran, ló di orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fún un ní adìyẹ lásán sìn mọ́. Ó kó lọ sí Ọ̀rà, ìlú bàbá rẹ̀, ó ń bá àwọn èèyàn bó ẹ̀gẹ́ kó tó lè jẹun.

Èmi jókòó, mo kọ ìwé mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo àwọn tó ni ẹran ló gbà. Jọ́nà tó gbé e jáde jẹ́ irú èyí tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo fi yangàn. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kò yẹ kí wọ́n ti ìmọ̀ mọ́lé, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ràmátù ti wọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ló sì ń kọ́. Ó pè mí tayọ̀tayọ̀.

"Bàbá Dókítà, ẹ káàárọ̀ sà. Mo rí ìwé yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì! Ọ̀fẹ́ ni, mo ti dáńlóòdù ẹ̀. Òkè-Ìlá wa ni wọ́n kọ síbẹ̀ o! Mi ò tíì kà á tán ṣá. Màámi ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn ò bínú sí yín mọ́, pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn yín, ẹ gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ kó òkú ẹran ni."

Kò tíì dé ojú ewé tí àwòrán wà. Orí ọ̀kan nínú ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ ni, mo la ẹnu rẹ̀ kí egbò lè hàn. Etí rẹ̀ náà hàn kedere, àmì Alhaji wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé omi ni ẹran yìí gbà. Ẹni tó bá wù ú láyé lè wo orí tí mo fi du Ìyá Ràmátù.

Mo bẹ àwọn tó ni jọ́nà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n bi mí pé kí ni àṣìṣe ibẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sáré lọ sí Ọ̀rà kí ọmọ yẹn tó kà á tán? Àbí kí n pe Alhaji àti ẹbí jọ, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, bí iṣẹ́ mi bá tilẹ̀ máa bọ́? Ẹ má rò pé mo ti ronú pìwà dà o. Ká ní Ràmátù kò rí ìwé yẹn ni, ẹ kì bá tí gbọ́ ohùn mi.

Mo mọ ohun tí Ìyá Ràmátù máa bi mí. Kò ní jẹ́ nípa irọ́ tí mo pa níwájú ẹbí. Á bi mí pé nínú gbogbo ilé tó wà ní agboolé wa, kí ló dé tó fi jẹ́ tòun ni mo fún ní omi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òun nìkan ni kì í bi mí ní ìbéèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tí mo máa sọ fún un nìyẹn?