Àmín Tí Mo Ṣe sí Ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣeun

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Gbogbo yín mọ̀ mí: èmi ni akọ̀wé ìjọ, èmi lẹ máa ń wá bá ní ọ́fíìsì kí n lè tẹ ẹ̀bẹ̀ àdúrà yín sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé mo so àfikún kan mọ́ buráúsà tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà náà. Ó máa ń yọ fídíò kúrò lójú ewé rẹ̀, á sọ ọ́ di fèrèsé kékeré tó ń léfòó lórí iṣẹ́ yòówù tí mo bá ń ṣe. Bí ẹ ṣe ń sunkún níwájú mi ni fíìmù ń lọ ní igun kan. Mo rò pé mo gbọ́n ni.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn àdúrà aago méjìlá, oorun gbé mi lọ lórí tábìlì. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan di ọwọ́ mi mú, kò tiẹ̀ kí mi. Ó ní, "Akọ̀wé, dìde."

Ibi tútù kan la kọ́kọ́ dé. Mo rí Bàbá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó kú, tó máa ń fa àga sún mọ́ ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ara tù ú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí i, ọkùnrin náà ní kò tíì kàn mí.

A sọ̀ kalẹ̀. Òpùrọ́ rèé, ahọ́n wọn ń jó. Alágbèrè rèé, àwọn tó ń ni tálákà lára rèé, wọ́n ń ké. Mo ń dúpẹ́ nínú mi pé n kò sí lára wọn, àfi bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn kan tí fèrèsé kékeré lẹ̀ mọ́ lójú, iná ń jó nínú rẹ̀, wọ́n ń fi èékánná ha á, kò ṣí, wọ́n yíjú, ó bá wọn yí, wọ́n dijú, ó ṣì wà níbẹ̀, ọmọ wọn ń pè wọ́n láti ẹ̀yìn rẹ̀, wọn ò rí i, àga kan sì ṣófo láàárín wọn, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀!

Mo ṣubú lulẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi! Kí ni mo ṣe?"

Ó ní, "Wò ó."

Mo rí ara mi ní ọ́fíìsì. Ìyá Ṣeun, opó tó ń ránṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, dúró níwájú mi. Ó ní, "Sístà, dókítà ní bí wọn ò bá ṣiṣẹ́ abẹ fún Ṣeun, ọmọ mi ò ní yè." Ojú mi wà lára fíìmù. Mo dáhùn pé, "Àmín o! Lórúkọ Jésù!"

Ẹ̀yin ará, n kò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọkùnrin náà ní, "Sáré. Ọmọ náà ṣì ń mí."

Mo ta jí, mo sáré lọ bá wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà. Ṣeun wà lórí ẹní, ara rẹ̀ gbóná. Ìyá rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán aṣọ funfun. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá Ṣeun, kí ló dé tí ẹ ò gbé e lọ ọsibítù?"

Kò gbójú sókè. "Ẹ ti ṣe Àmín sí i, Sístà. Mo ní Ọlọ́run ló fi hàn yín. Aṣọ tí a ó fi sin ín ni mo ń rán."

Ọsibítù la gbà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n kò tíì lajú. Mo ti yọ àfikún yẹn kúrò. Ẹni tó bá dúró níwájú yín, ẹ wò ó lójú, kí ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ kí ẹ tó dá a lóhùn. Aṣọ funfun náà nìyí lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí a má lò ó.