Ẹ Má Di Ẹrù Mọ́ Kẹ̀kẹ́ Jailosi

Ẹ̀yin èèyàn Kamtedza, ẹ kú ìbànújẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti etí adágún wá, ẹ kú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti iná mọ́jú, ẹ kú òtútù. Mo kí yín tán. Ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu mi ò dáa, ẹ jẹ́ n gbé e mì ná.

Ó tì o, n ò gbé e mì. Ọ̀rọ̀ yín ń rí mi lára, àfi bíi kí n bì.

Láti àná ni mo ti ń gbọ́ ọ: "Jailosi, èèyàn dáadáa!" "Jailosi, aláàánú!" Nyakwawa Mphonde, baálẹ̀ wa, dìde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní igi ńlá wó. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Lóṣù tó kọjá, kí lẹ̀ ń pe igi ńlá yìí? Oṣó lẹ̀ ń pè é. Ẹ má wolẹ̀, ẹ wojú mi. Èmi Esinati ni, àbúrò rẹ̀, ọmú kan náà la mu.

Ta ni kò ránṣọ lọ́dọ̀ Jailosi níbí? Ṣòkòtò tí Baálẹ̀ wọ̀ yìí, òun ló rán an, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Saizi tó ń jókòó sí. Láti àárọ̀ dalẹ́ lẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ maṣíìnì. Á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Esinati, ẹsẹ̀ mi ti wa maṣíìnì yìí débi tó yẹ kó ti dé Lilongwe, àmọ́ ìdí mi ò kúrò lórí àpótí. Jẹ́ kó lọ síbì kan kílẹ̀ tó mọ́." Ìdí tó fi ń gun kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìdájí, nígbà tí àkùkọ ṣì ń kọ, ó ti gbé kẹ̀kẹ́ síta. Á gba ẹ̀gbẹ́ oko òwú, á sọ̀kalẹ̀ lọ sétí adágún, á wo àwọn apẹja tí wọ́n ń wọ́ àwọ̀n bọ̀, á sì padà. Kì í ra ẹja. Mo bi í pé kí ló máa ń rò lọ́nà. Ó ní, "N kì í ro nǹkan kan tó lórúkọ. Mà á máa gbọ́ ṣéènì, atẹ́gùn á máa wọ ọrùn ẹ̀wù mi, òórùn ẹja yíyan á máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti ń jà nínú mi látàná á kàn wá ibì kan jókòó. Tí n bá fi máa padà délé, n ò bínú sẹ́nikẹ́ni mọ́." Ẹ gbọ́? Kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú yín mọ́. Èmi ò tíì gun kẹ̀kẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Gbogbo wa la mọ̀ pé níbí, ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ní ìdájí, tí káríà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ó ń lọ túfọ̀ òkú ni. Ẹni tó ń rọjà á di ẹrù. Ẹni tó ń lọ ọlọ̀ á di àgbàdo. Òwúrọ̀ tí Jailosi kọ́kọ́ kọjá létí adágún, Ìyá Tiyamike ń gbálẹ̀. Ó rí káríà òfìfo, ó so aṣọ mọ́dìí, ó figbe ta: "Yéè! Ìyá mi ti lọ!" Ìyá rẹ̀ sì rèé lẹ́yìnkùlé tó ń sun pákí. Ìyá ní, "Ìyá ta ló lọ? Ṣé mo ti pẹ́ jù lójú ẹ ni?" Jailosi sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n títí. Ó ní, "Ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó kú. Mo kàn ń gun kẹ̀kẹ́ ni."

Ó kàn ń gun kẹ̀kẹ́! Ohun tẹ́ ẹ ò lè gbà gbọ́ nìyẹn. Ẹ ní ìpàdé oṣó ló ti ń bọ̀. Ẹ ní òun ló ń pa èèyàn, òun náà ló tún ń lọ túfọ̀ wọn. Ẹ wọ́ ọ dé iwájú Baálẹ̀, Baálẹ̀ sì dájọ́: kó máa di ẹrù mọ́ káríà, kí àyà ará ìlú má baà máa já.

Ẹ mọ bí orí ẹ̀gbọ́n mi ti le tó. Lọ́jọ́ kejì, elégédé kan ló dì mọ́ ọn. Elégédé kan náà, lálọ, lábọ̀, lójoojúmọ́, títí tó fi ń rùn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín báyìí! Nígbà yẹn, ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ó ń fi Baálẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹrù gidi ni kó gbé. Ló bá kan àpò àgbàdo. Mo bẹ̀ ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi kẹ̀kẹ́ yìí sílẹ̀ fún wọn." Ó ní, "Tí mo bá fi àárọ̀ sílẹ̀, Esinati, maṣíìnì nìkan ló kù." Ó sì di àpò.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò ló ṣubú sí níjẹta. Àpò tì í látẹ̀yìn, bíréèkì ò lè dá àwọn méjèèjì dúró, ó forí sọ òkúta. Ẹnu àpò tú, àgbàdo dà káàkiri ọ̀nà. Kí n tó sáré débẹ̀, kò sí àpò, kò sí hóró kan nílẹ̀ mọ́. Ẹ ti ṣà á! Òkú wà nílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ yí i ká, ẹ̀ ń ṣa àgbàdo! Lánàá, ẹ gbé ìyẹ̀fun wá ràn wá lọ́wọ́. Mo wo àpò tẹ́ ẹ fi gbé e. Òwú pupa tí Jailosi fi gán etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àgbàdo rẹ̀ lẹ lọ̀, òun lẹ fi ro ọkà nsima, òun lẹ fi ẹja usipa jẹ, tẹ́ ẹ tún lá ìka. Tùẹ̀! Ẹ̀ ń fẹ̀jẹ̀ sínú, ẹ̀ ń tu itọ́ funfun jáde.

Èmi ni mo gun kẹ̀kẹ́ náà lọ túfọ̀ létí adágún láàárọ̀ àná. Rímù iwájú ti wọ́, ó ń mì mí. Ìyá Tiyamike ń gbálẹ̀. Kò tiẹ̀ dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé Jailosi yìí! Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀? Ẹrù dà?"

Mo ní, "Ìyá Tiyamike, èèyàn kú."

Ó ní, "Hẹn-ẹn, a ti mọ̀. Ẹ kàn ń gun kẹ̀kẹ́ ni."

Mo ní, "Jailosi ni."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo yín, òun nìkan ni mo rí tó sunkún láìwò ó bóyá ẹnì kan ń wo òun. Òun ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, kò tíì fẹnu kan nǹkan.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Àwọn adzukulu ti gbẹ́ sàréè tán, wọ́n ń dúró dè wá. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: kí kẹ̀kẹ́ ṣáájú pósí, kí káríà rẹ̀ sì ṣófo. Mo jáde láti yàrá òkú báyìí, kí ni mo bá? Ìdì igi! Ẹnì kan ti lọ di ìdì igi mọ́ ọn. Wọ́n ní òfin Baálẹ̀ ṣì múlẹ̀, wọ́n ní káríà òfìfo níwájú òkú á pe òkú mìíràn. Ó kú tán, ẹ ṣì fẹ́ kó rẹrù?

Kí lẹ wí, Baálẹ̀? Kí n jókòó? Mo kúnlẹ̀ fún yín o, àgbà ni yín. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ rèé lọ́wọ́ mi, ojú yín ni n ó ti gé okùn yìí.

Ó ti já. Ẹni tó ni igi kó wá kó o, kó lọ fi se tíì. Baálẹ̀, tó bá dùn yín, ẹ dìde kẹ́ ẹ wá dì í padà fúnra yín. Èmi ò ní dí yín lọ́wọ́. A ń wò yín.

Baálẹ̀ ò dìde. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin adzukulu, ẹ gbé e.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, afẹ́fẹ́ adágún ti ń fẹ́, ọ̀nà ò tíì gbóná. Kò sí ẹrù lẹ́yìn yín mọ́. Ẹ máa gùn ún lọ jẹ́jẹ́. Báwọn ará ibẹ̀ bá rí yín ní ìdájí, tí wọ́n so aṣọ mọ́dìí, tí wọ́n ní ta ló kú, ẹ má bá wọn ṣàlàyé rẹpẹtẹ. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ ti sọ fún wa: kò sẹ́ni tó kú. Ẹ kàn ń gun kẹ̀kẹ́ ni.