Òjé Tí Mo Kì Sídìí Ìbọn Ike

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi, ìbọn ni wọn yóò sì fi pa mí. Mo mọ irú ìbọn náà dáadáa. Ó lé díẹ̀ ní kílò mẹ́rin, ogún ọta ni àpótí ọta rẹ̀ ń gbà, ìdí rẹ̀ sì máa ń gún èjìká ẹni tó bá yìn ín. N kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí láyé mi. Èyí tí mo lò kò lè pa ẹyẹ ológoṣẹ́. Síbẹ̀ ènìyàn kú lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí kí ilẹ̀ ọjọ́ tí wọn yóò pa mí tó mọ́.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń to lẹ́tà. Lẹ́tà òjé ni a fi ń tẹ̀wé nígbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a sì ń tò wọ́n. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, àwọn ilé ìtẹ̀wé àdúgbò wa a máa yá ara wọn ní lẹ́tà. Nítorí náà, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ní àmì tó fi fáìlì irin gé sí ẹsẹ̀ lẹ́tà tirẹ̀, kí tèmi-tìrẹ má bàa di ìjà. Ti Àlàájì ọ̀gá mi jẹ́ ìlà tóóró méjì, tí ìlà kan dábùú wọn.

Ìbọn ló wù mí jù láyé, kì í sì í ṣe láti fi ṣe ibi. Ní Fádèyí, níbi tí àwọn sójà ti ń dá mọ́tò dúró, àwọn èèyàn á tẹrí ba, èmi á máa ka ihò ara ìbọn wọn. Mo ra ìwé àwòrán ìbọn tó ti gbó lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọka, mo sì kà wọ́n títí mo fi mọ̀ wọ́n lórí.

Lọ́jọ́ kan, mo rí ìbọn kan tó jọ ti sójà láàárín ẹrù àlòkù òkè òkun tí ọkùnrin kan ń tà ní Fádèyí.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

"Ìbọn eré òyìnbó ni, bọ̀ọ̀dá. Àwọn àgbàlagbà wọn ló ń fi í bára wọn ṣeré ogun."

Mo fà á. Sípíríǹgì inú rẹ̀ dún, ọta ike róbótó kan tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ fò jáde. Gígùn rẹ̀ pé, ihò ara rẹ̀ pé. Ohun méjì ni kò pé: ẹnu rẹ̀ pupa bí ata, kò sì wúwo tó ìgò ọtí kan. Mo rà á.

Mo fi yíǹkì ìtẹ̀wé kun ẹnu pupa náà. Mo lọ dúdú inú pẹ́ńsùlù, mo fi aṣọ ra á mọ́ ọn lára títí ó fi ń dán bí irin. Ìwúwo ló kù. Mo mọ̀ pé bí mo bá yọ́ òjé dà sí i, ike á yọ́. Ni mo bá ń bu lẹ́tà tó ti gbó nínú àpótí Àlàájì, ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́. Mo ń fi ìwé wé wọn, mo ń kì wọ́n sínú ihò ìdí ìbọn. Mo ní, "Èyí tó ti gbó ni, ta ni yóò bèèrè rẹ̀?" Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, tó fi kílò mẹ́rin hàn, inú mi dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Múfú ọ̀rẹ́ mi, tó ń fi ọmọlanke kó ìwé káàkiri àwọn ilé ìtẹ̀wé, ni mo kọ́kọ́ fi hàn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Yéè! Ìwọ, níbo lo ti já ìbọn gbà lọ́wọ́ sójà?"

"Ike ni, ọ̀dẹ̀. Gbé e wò."

Ó gbà á, ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. "Ike kẹ̀? Tó o bá gbé nǹkan yìí wọlé, lańlọ́ọ̀dù ló máa san owó ilé fún ẹ!"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọdún tí nǹkan le ni. Ìjọba ológun ti dínà ọjà òkè òkun, ìwé sì di ohun àwátì. Ẹ̀rọ wa dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Múfú wá sọ fún mi pé ilé ìtẹ̀wé kan wà ní Bárígà tí ìwé kún inú rẹ̀ dé àjà.

"Ní Jímọ̀, gbogbo wọn á lọ kírun. Bàbá géètì nìkan ló máa kù. Fi ìbọn hàn án, kó dọ̀bálẹ̀, ká kó ìwé. Ta lo fẹ́ pa? Ṣebí kò lè pa èèyàn!"

"Kò lè pa èèyàn lóòótọ́," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló tàn mí jẹ.

Ọ̀sán gangan ni. A fi aṣọ bo imú. Bàbá náà, ará Ìlàjẹ kan, jókòó lẹ́nu géètì, ó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe. Múfú ti ọmọlanke wọlé, èmi sì na ìbọn sí i.

"Bàbá, ẹ dọ̀bálẹ̀! Ẹ má pariwo!"

Ó rọra gbé àwọ̀n sílẹ̀, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ wá dé ẹnu ìbọn, ó sì dúró síbẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ti ṣe sójà nígbà ogun abẹ́lé.

"Ọmọ mi," ó wí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, "ọdún méjì ni mo fi gbé irú èyí. Páìpù bàbà tíntín ló wà nínú ẹnu tìẹ yìí. Ẹ̀wà ló lè yìn." Ó dìde. "Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́ o. Ó mọṣẹ́ gan-an. Àmọ́ kò wo ẹnu ẹ̀."

"Ó ti mọ̀!" Múfú kígbe. "Jẹ́ ká sá!"

Ká ní mo sá ni, ǹ bá má sí níbí. Ṣùgbọ́n àléébù iṣẹ́ mi nìkan ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ bàbá náà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é, n kò sì wo ẹnu rẹ̀! Ojú tì mí, inú bí mi. Bàbá di ẹnu ìbọn mú, ó ń pariwo "Olè!" Mo já a gbà, mo yí i padà, mo fi ìdí rẹ̀ lù ú lórí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Òjé kílò mẹ́ta ló wà nínú ìdí yẹn. N kò rántí. Bàbá ṣubú lé àwọ̀n rẹ̀, kò sì mira mọ́. Ìdí ìbọn là, lẹ́tà sì dà sílẹ̀ ṣàràrà sínú ẹ̀jẹ̀. A sá lọ láìmú tákàdá kan.

Àwọn ọlọ́pàá ṣa lẹ́tà náà, wọ́n ń gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ìtẹ̀wé. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n da ẹ̀kúnwọ́ kan sórí tábìlì Àlàájì. Mo dúró nídìí àpótí lẹ́tà. Ó wọ awò ojú, ó mú ẹyọ kan, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè.

"Tèmi ni," ó wí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gé e." Ó wá kọjú sí mi. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìwọ lò ń to lẹ́tà mi. Sọ fún wọn pé a yá ẹnìkan ní lẹ́tà ni. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, sọ fún wọn pé a yá ẹnìkan."

Mo na ọwọ́ méjèèjì sí àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì lọ mú Múfú pẹ̀lú.

Ní kọ́ọ̀tù ológun, mo ṣàlàyé sípíríǹgì, mo ṣàlàyé ọta ike. Ọ̀gá sójà tó jókòó láàárín fetí sílẹ̀ dé òpin, ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹni tó kú náà, eré ló ń ṣe?" Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún èmi àti Múfú.

Ní gbogbo ayé mi, ẹnìkan ṣoṣo ló yẹ iṣẹ́ mi wò tó ní mo mọṣẹ́. Èmi ni mo pa á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ óò ka èyí, n kò ní kí ẹ má fẹ́ràn ohun tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ kọ́ ọ dójú àmì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín bá kọ́kọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiyín, bó ti wù kó gbó, bó ti wù kó kéré, ẹ rántí mi. Mo ti gbé ẹyọ lẹ́tà kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi rí. Kò wúwo rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà nígbà tí kò tíì wúwo.