Olórí Ìṣọ́ Òru Sùn Mọ́jú

Ẹ̀wà ni ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, ń ṣà lọ́jọ́ tá a jọ lò kẹ́yìn nílé wa ní Ìsọlọ̀. Bó ti ń ṣà á ló ń sọ̀rọ̀: ewúrẹ́ onílé tó jẹ aṣọ tá a sá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ bàtà gíga, tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bó ti ń sọdá rélùwéè ní Òṣòdì. Èmi ń dáhùn, “Hùn.” Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ní àyà ń dun òun. A gbé e dé ọsibítù, kò bá wa padà wálé.

Síbẹ̀, ẹ̀yin ará ìjọ, ọpẹ́ ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti kékeré ni oorun ti jìnnà sí mi. Irú èèyàn tó ń ti ìlẹ̀kùn tán, tó tún ń padà lọ wò ó, ni mí. Ohun tó bá dùn mí, mo máa ń gbé e mì ni. Ìyá Bọ́lá kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá bínú, á sọ ọ́. Bó bá ti sọ ọ́, ó parí. Lórí ibùsùn, òun ló ń ro ẹjọ́ ọjọ́ náà fún àwa méjèèjì, ohùn rẹ̀ ni mo sì fi ń sùn.

Nígbà tó lọ, oorun bá a lọ. Owó epo rọ̀bì ń wọ̀lú, gbogbo àdúgbò ń kọ́lé, wọ́n ń ra tẹlifíṣọ̀n. Èmi dùbúlẹ̀, mò ń retí ohùn kan tí kò ní dún mọ́. Dókítà fún mi lóògùn. Orí mi wúwo, ojú mi ò pa dé.

Ẹ̀yin rí i pé n kì í tòògbé níbi ìṣọ́ òru, ẹ ní ẹ̀bùn Ẹ̀mí ni, ẹ fi mí ṣe olórí. Bùrọ́dà Délé tiẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n ta òun lóre nínú iná Ẹ̀mí yẹn. Ara mi sì ń gbẹ.

Ìyá Ìjọ nìkan ló pè mí lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n bi mí pé, “Bàbá Bọ́lá, ta lẹ ń ro ẹjọ́ ọjọ́ yín fún?”

Mo ní mò ń gbàdúrà.

“Àdúrà yín dà bí ìwé ìjọba. Ẹ sọ fún Ọlọ́run pé àárò ìyàwó yín ń sọ yín.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí n tó múra ìṣọ́ òru, mo jókòó sétí ibùsùn, mò ń sọ fún Ọlọ́run bí ìyàwó mi ti máa ń sọ fún mi: ọbẹ̀ tó jóná, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó sùn ní kíláàsì. Nígbà tó kan orúkọ ìyàwó mi, mo bú sẹ́kún. N kò mọ ìgbà tí mo dùbúlẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ lè jẹ́rìí ìyókù. Ẹ retí olórí títí. Ní ìdájí, ẹ wá ń gbá ìlẹ̀kùn mi, àwọn kan ti káwọ́ lérí, àfi ìgbà tí Bọ́lá, ọmọ wa kan ṣoṣo, ṣílẹ̀kùn, tó ní, “Ẹ rọra o, Dádì mi ń sùn.”

Ọlọ́run ló ni ògo. Àárò rẹ̀ kò tíì lọ, n kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kó lọ. Ṣùgbọ́n mò ń sùn.

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, aládùúgbò wa ló ń bá Bọ́lá dirun. Láàárọ̀ yìí, mo mú òòyà, mo fi ọmọ sáàárín orúnkún mi, mo di í fúnra mi. Ẹ bá mi yọ̀, kẹ́ ẹ sì wo ìpàkọ́ rẹ̀. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tú.