Àfẹ́sọ́nà Oṣù Mẹ́ta Tí Mo Fi Tan Ìyá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi ń dùn débi pé oúnjẹ kò wọlé sí mi lẹ́nu mọ́, síbẹ̀ irọ́ kan wà nídìí ayọ̀ náà tó ń gún mi bí ẹ̀gún. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n á so yìgì mi l'Odò-Ọwá. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wọn pé àdúrà àwọn ló mú ọkọ yìí wá. Èmi àti ọkọ náà nìkan la mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ta ni kí n fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin?

Aṣọ́lé ni mí. Bọ́ọ̀lù ni mo fi ń jẹun nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan n'Ílọrin. Tí ẹ bá rí obìnrin gíga kan tó ń fò bí ológbò níwájú àwọ̀n, èmi nìyẹn! Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá wálé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá mi máa ń sọ: "Ṣé bọ́ọ̀lù ni yóò bí ọmọ ọmọ fún mi ni, àbí bọ́ọ̀lù ni yóò sin mí?" Nígbà tó yá, wọ́n bá mi wá oníṣòwò kan ní Ọ̀bbo-Ayégúnlẹ̀, tó ti ní ìyàwó méjì nílé, tó sì ti kéde pé tí òun bá fẹ́ mi, bọ́ọ̀lù parí nìyẹn. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí àwọn èèyàn rẹ̀ máa wá. Ìbẹ̀rù mú mi, mo la ẹnu, mo ní, "Màmá, mo ti ní àfẹ́sọ́nà." Irọ́ funfun báláú! Ìyá mi ní kí n mú un wá lọ́jọ́ Iléyá.

Ibo ni mo ti fẹ́ rí ọkùnrin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ọlọ́run ló mọ bí Ganíyù ṣe bọ́ sọ́nà mi. Olórin ni, ọmọ Ìdòfin, jìtá ló fi ń kọrin, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò tíì kọjá àgbègbè wa nígbà náà. Ilé ìwé girama kan n'Ílọfà ló pe àwa méjèèjì, èmi láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, òun láti kọrin fún wọn. Bó ṣe ń kó jìtá rẹ̀ sínú àpò ni mo lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti níyàwó?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un. Ó ní, "Kí lèmi máa rí níbẹ̀?"

"Màá wà nínú fídíò orin yín. Gbogbo àwọn tó ń wò mí lórí pápá máa gbọ́ orin yín."

Oṣù mẹ́ta la fi àdéhùn sí, a sì bọ ara wa lọ́wọ́.

Háà, Iléyá yẹn! Ganíyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ wọn, ó ní òun lòún máa gúnyán. Kókó ló kún inú iyán náà, síbẹ̀ ìyá mi jẹ ẹ́ tán! Tísà ni ìyá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì máa ń na ọmọ nítorí irọ́ ju nítorí àìmọ̀wé lọ. Ìyá mi yìí kan náà ló jókòó tí wọ́n ń nu omijé ayọ̀. Wọ́n bi mí níbi tí a ti pàdé. Mo ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni, n'Ílọrin, pé lèmọ́mù mọ́sálásí àdúgbò mi ló mú wa mọra wa. Ẹ ò rí i bí irọ́ ṣe ń bímọ?

Fídíò jáde, ayé gbà á. Kò pẹ́ sígbà náà, bọ́ọ̀lù kan yọ bọ́rọ́ lọ́wọ́ mi wọ àwọ̀n, ni èébú bá bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù: "Olórin ti gbà á lọ́kàn, kò rí bọ́ọ̀lù mọ́." Mo sunkún títí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ganíyù ti sọ pé òun kò ní lè wá, torí ó ní òde ńlá kan tó máa kọrin lọ́jọ́ kejì. Òjò sì rọ̀ mọ́jú. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà tiwa ṣe ń rí tójò bá rọ̀. Àfi bí mo ṣe dúró síwájú àwọ̀n tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: "Ìyàwó mi, dì í mú!" Ganíyù ni! Ẹrẹ̀ ọ̀kadà bò ó dé ìbàdí, kò mú onífídíò kankan dání. Ìgbà tó ku díẹ̀ kí eré parí, wọ́n fún àwọn alátakò wa ní pẹnáritì. Mo fò sápá ọ̀tún, ìka mi bà á, ó jáde! Pápá dàrú fún ayọ̀!

Mo sáré lọ bá a, kò lè sọ̀rọ̀. Ó ti pariwo títí ohùn fi há. Olórin tó ní òde lọ́la! Mo ní, "Kò mà sí kámẹ́rà níbí, ta lò ń pariwo fún?"

Ohùn híhá yẹn ló fi dáhùn: "Ìwọ."

Àdéhùn oṣù mẹ́ta parí síbẹ̀. Ìfẹ́ ló kù.

Ṣùgbọ́n lánàá, ìyá mi pè mí. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi sọ fún mi pé àwọn ti ní kí wọ́n wá lèmọ́mù Ìlọrin yẹn kàn, kó wá sí yìgì, kí àwọn lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Lèmọ́mù tí kò mọ̀ mí rí! Ganíyù ní ká jọ lọ kúnlẹ̀ fún wọn, ká jẹ́wọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń ka èyí, tó bá jẹ́ ọmọ yín ni, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó sọ ọ́ tí ọkàn yín ò fi ní bàjẹ́? Ẹ tètè dá mi lóhùn o. Mo parọ́ nípa ibi tí mo ti rí ọkọ mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, kò sírọ́ ńbẹ̀.