Ilé Oúnjẹ Onírin tí Mo Yà fún Àlàájà Ṣìfáwù

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kó jẹ́ iwájú adájọ́ ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, tó jẹ́ pé iwájú yín ni. Halelúyà!

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, èmi ni Brọ̀dá Délé tó ń ya pùláànù ilé ní Ìbarà. Lọ́dún tó kọjá ni Àlàájà Ṣìfáwù wá bá mi. Mùsùlùmí ni wọ́n, Ìgbẹ̀ìn ni ilé wọn, ìrẹsì Ọ̀fàdà ni wọ́n ń sè fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹbí tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tajà ní àwọn ò fẹ́ ilé bíríkì níbẹ̀, nítorí ọjọ́ tí àwọn bá fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn. Símẹ́ńtì gan-an ò sì ṣeé rí rà nígbà náà. Àlàájà wá lọ ra kọ̀ǹténà méjì ní Àpápá, àwọn àpótí irin ńlá tí wọ́n fi ń kó ẹrù wá nínú ọkọ̀ òkun. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ di ilé oúnjẹ tó ṣeé tú, tó ṣeé gbé lọ síbòmíràn, tí ooru ò sì ní pa èèyàn nínú rẹ̀.

Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo gbé kọ̀ǹténà kan sílẹ̀, mo gbé èkejì, tí àwọn oníbàárà á máa jẹun nínú rẹ̀, dábùú lé e lórí, tí ìdajì rẹ̀ yọ síta láti ṣe ibòji fún àwọn bẹ́ǹṣì ìsàlẹ̀. Mo ní kí wẹ́dà gé ẹ̀gbẹ́ ti ìsàlẹ̀ kúrò láti igun dé igun, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ wọlé. Mo fi páànù ṣe òrùlé kejì sókè nítorí oòrùn, mo sì darí omi òjò sínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n á fi máa fọ abọ́. Ẹ ò rí i, ó rẹwà. Àwọn èèyàn ń ti Láfẹ́nwá wá wò ó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n ṣí i, mo lọ jẹun níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ibi ìdáná, tí ìka kan lè ṣí tẹ́lẹ̀, ti ń wọ́ nílẹ̀. Mo fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba abẹ́ irin tó wà lókè ibi tí a gé, mo rí i pé àárín irin náà ti tẹ̀ wálẹ̀ tó ìbú ìka méjì. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ẹ̀gbẹ́ tí mo ní kí wọ́n gé yẹn, òun ló ń gbé ẹrù. Irin pẹlẹbẹ lásán ni lójú mi, àṣé òun gan-an ni òpó.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo ní, Olúwa, di irin yìí mú. Ọjọ́ kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Bí tírélà bá kọjá tí ilẹ̀ mì, ọkàn mi á sáré lọ síbẹ̀. Ìgbà mẹ́ta lóòjọ́ ni mò ń gba iwájú ibẹ̀, tí mò ń ka orí àwọn tó jókòó sókè. Mò ń sọ fún ara mi pé bóyá kò ní tẹ̀ mọ́. Bí mo bá ní kí n lọ sọ, màá tún rò ó pé ta ló máa gbé iṣẹ́ fún mi mọ́ ní Abẹ́òkúta yìí.

Lọ́jọ́ keje, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ìyàwó mi wò mí títí. Mo jẹ́wọ́ fún un. Kò pariwo. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá Tóyìn, ṣé Ọlọ́run ló ya pùláànù yẹn ni, tí ẹ fi ní kó wá dì í mú?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo padà kúnlẹ̀, àdúrà mi sì yí padà. Mo ní, Olúwa, fún mi ní ẹnu. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo ti wà níwájú Àlàájà níbi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé ìgbakọ sílẹ̀.

"Láti ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

"Ó pé ọjọ́ méje lónìí, mà."

Wọn ò bú mi. Wọ́n pa iná, wọ́n yíjú sí àwọn oníbàárà, wọ́n ní, "Ẹ gbé àwo yín, ẹ rọra máa jáde. Ẹ má sá." Àwọn kan ń kùn, àmọ́ wọ́n jáde. Ìgbà tí a dúró síta tán ni Àlàájà bèèrè Bàbá Kíláàkì, arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Bàbá ṣì wà lókè.

Atẹ́gùn òjò ti ń bọ̀ nígbà yẹn. Mo gun àtẹ̀gùn, ẹ̀rù bà mí débi pé orúkọ Jésù nìkan ló kù lẹ́nu mi. Bàbá kọjú sí fèrèsé, wọ́n ń jẹun ní tiwọn. Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ní ẹran wọn kù. Mo gbé àwo náà tẹran-tẹran, mo fà wọ́n sọ̀kalẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí irin ṣe ń ké lábẹ́ wa. A ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù tí ìjì fi dé. Irin ìsàlẹ̀ ká kò, kọ̀ǹténà òkè sì dojú bolẹ̀ lórí àwọn bẹ́ǹṣì tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí wọn. Kò sí ẹni tó farapa. Ìyìn fún Olúwa!

Mo jókòó sílẹ̀ nínú òjò, mò ń sunkún. Mo rò pé Àlàájà á pe ọlọ́pàá. Níjọ́ kejì, wọ́n ní èmi ni mo mọ ibi tó ti bàjẹ́, nítorí náà èmi ni màá tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí n mú ẹni tó mọ̀ jù mí lọ dání. Mo wá ẹnjiníà kan, mo jókòó tì í bí ọmọ iléèwé, ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń fi òpó irin sí gbogbo ibi tí a bá gé. Ilé náà tún dìde, ó sì dúró. Títí dòní, mi ò tíì lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí n má wòkè.

Ẹ̀yin ará, mo gbàdúrà kí irin má tẹ̀, irin tẹ̀. Ahọ́n mi ni Ọlọ́run tú. Àlàájà ló jókòó lẹ́yìn pátápátá yẹn, ẹ wò wọ́n. Nígbà tí mo pè wọ́n síbi ọpẹ́ yìí, wọ́n ní àwọn á wá, kí àwọn lè gbọ́ bóyá màá sọ iye ọjọ́ tí mo fi dákẹ́ fún yín. Ọjọ́ méje ni. Ẹ dìde, ẹ kí wọn fún mi, kí ẹ sì bá wa yọ̀ níwájú Ẹni tó ni ògo.