Òróró Ni Mo Ta Sí I, Mi Ò Tún Un Ṣe

Ẹ dúró ná, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Bí ẹ bá ń jẹun, ẹ gbé àwo sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àdúrà lẹ fẹ́ gbà, ẹ ní sùúrù díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àdúrà gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọmọ Ọlọ́run ni mí. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti di àtúnbí, díkínì ni mí nínú ìjọ wa ní Ìbà, n kì í mutí, n kì í tẹ̀lé obìnrin kiri, ààwẹ̀ ò sì nira fún mi. Síbẹ̀, ìyá arúgbó kan kú pẹ̀lú orúkọ àjẹ́ lọ́rùn, ẹnu tí mo fi ń yin Olúwa ni mo sì fi so ó mọ́ ọn lọ́rùn.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní Ọjà Àlàbá: fìríìjì, fáànù, ẹ̀rọ ìfọṣọ tòkunbọ̀. Èmi àti Ganíyù la jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ganíyù kì í kírun, kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà, pé ohun tí òun bá fọwọ́ kàn lòun ń gbà gbọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ ní Tómáàsì, gbogbo láìnì ṣọ́ọ̀bù wa sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fín in níràn pé bí kò bá sí Ọlọ́run tó ń wò ó, kí ló ń dá a dúró tí kò fi jí wáyà mi? Á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ọlọ́run nìkan ló ń dá ẹ̀yin dúró ni? Ẹ jẹ́ n tètè lọ tọ́jú wáyà tèmi."

Àṣà kan wà tí mo dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjà kì í jáde kí n má ta òróró sí i, kí n gbàdúrà lé e lórí. Ganíyù ní tiẹ̀ á mú tẹ́sítà, á fi kan ara ẹ̀rọ káàkiri, bóyá iná ń jáde sí irin rẹ̀. Ọjà wa kì í ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, gbogbo ìgbà yẹn ni mo sì rò pé òróró ló ń ṣe é.

Ìyá Tósìn, akọrin nínú ìjọ wa, ń fọṣọ fún àwọn ará Navy Town títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó ra ẹ̀rọ ìfọṣọ kan lọ́dọ̀ wa, ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi òun á jáde wá jẹ́rìí, òun á sì dárúkọ mi níwájú ìjọ. Ganíyù fi tẹ́sítà kàn án, ó ní ara rẹ̀ ń gbé iná, wáyà kan ti bó nínú, kí a má gbé e jáde àfi bí òun bá rí wáyà tó yẹ rà ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè kẹ̀? Ṣé ìgbà tí ọjọ́ ẹ̀rí ti kọjá? Bí Ganíyù ṣe lọ sílé ní Sátidé, mo ta òróró sí ẹ̀rọ náà, mo fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó, mo pàṣẹ fún iná pé kò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni lára, mo sì gbé e fún obìnrin náà. Ṣé ìgbàgbọ́ ló pọ̀ lọ́kàn mi ni àbí ìyìn ni mò ń wá? Títí dòní, mi ò lè dáhùn.

Ó jẹ́rìí, ìjọ pàtẹ́wọ́, orí mi wú. Ní Mọ́ńdè, Ganíyù dé pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, ó bi mí pé ẹ̀rọ dà. Mo ní mo ti tún un ṣe. Ó ní kí n búra. Mo ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run kì í búra. Ó ní kí n júwe ilé obìnrin náà kí òun lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ó ti rìnrìn àjò. Bẹ́ẹ̀, láti Sátidé yẹn, kò sí iná ní àdúgbò wọn. Ọlọ́run fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin gbáko, mo fi ń kọrin. Ní Wẹ́sìdeè, iná dé. Ìyá Tósìn dúró lórí ilẹ̀ tútù láìwọ bàtà, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, iná gbé e. Kí wọ́n tó pa iná, ẹ̀mí ti bọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojú lásán. Kí a tó sin ín tán, àwọn aríran ti ní ọwọ́ ará ilé ló wà nídìí ẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ìyá arúgbó tó máa ń bá a wíjọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ojú gbogbo wọn yí sí i, wọ́n ní àjẹ́ ni. Èmi mọ òótọ́. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo sunkún níwájú Ọlọ́run, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ara mi fúyẹ́, mo ní ó ti dárí jì mí. Mo jẹun. Ìyá yẹn ò lè jẹun.

Ganíyù gbọ́. Ó wá sílé wọn níbi tí ẹbí àti ìjọ jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ olóògbé. "Bàbá Tósìn, ẹ fi ìyá yín sílẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ti ń gbé iná kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ọkàn mi ò balẹ̀ nípa ẹ̀, mi ò sì wá kìlọ̀. Ẹ̀bi wa ni."

Bàbá Tósìn yíjú sí mi. "Díkínì, ṣé òótọ́ ni?"

Ìyá arúgbó náà wà lórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń wò mí lẹ́nu. Mo ní, "Ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, kí ló máa dá a dúró kó má purọ́?"

Ó parí. Wọ́n ti Ganíyù síta, ẹnì kan gbá a létí. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Tósìn kó ẹrù ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan ní Ìjànikin. Ganíyù náà kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń rò pé lóòótọ́ lẹ bẹ̀rù Ọlọ́run yẹn." Láti ọjọ́ náà, mo wá a títí, mi ò rí i.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìyá arúgbó náà kú ní Ìjànikin. Wọ́n ní àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sá bí wọ́n bá rí i. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Tósìn. Mo rò pé á lù mí ni. Kò lù mí. Ó ní, "Díkínì, èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé ẹrù ìyá mi sínú kẹ̀kẹ́ márúwá. Ta ni kí n wá lọ bẹ̀ báyìí?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ bá tèmi, ṣùgbọ́n ibojì ti yára jù ú lọ. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mo ṣì gba Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo máa ń dúró níbùdókọ̀ Òkókómáìkò, tí mò ń wàásù pé ẹni tí kò mọ Ọlọ́run kò lè ṣe rere, ta ló ṣe rere nínú èmi àti Ganíyù? Àwọn ẹ̀mí èṣù náà mọ̀ pé Ọlọ́run wà, wọ́n sì ń gbọ̀n. Èmi mọ̀, mi ò tilẹ̀ gbọ̀n. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣe aṣọ ìbora.

Ìwọ tó o fi àdúrà bo ohun tó o mọ̀ pé kò dára, tó o ń sọ pé Olúwa ti dárí jì ọ́, dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó ń jìyà ohun tó o ṣe ṣì wà láyé. Wọ bàtà rẹ, lọ sílé onítọ̀hún lónìí, kó o sì sọ òótọ́ níṣojú àwọn tó ń yìn ọ́.